Ẹ̀rọ Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Apá Wa Ká: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ọ̀tà àti Sango



Kókó tí a fún wa láti sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí lè dà bí ọ̀ràn kékeré létí àwọn kan: irú ẹ̀rọ wo ni ó yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rà, tí yóò fi máa lo íntánẹ́ẹ̀tì nílé àti lójú ọ̀nà? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ìlú Ọ̀tà yìí mọ̀ pé ọ̀ràn oúnjẹ ni, ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ni, ọ̀ràn iyì sì ni pẹ̀lú. Láti Oju-Ore dé Joju, láti abẹ́ afárá Sango wọ inú ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìdúró lẹ́nu géètì nìkan mọ́. Lórí fóònù ni ìròyìn iṣẹ́ ti ń jáde. Lórí fóònù ni a ti ń rí èsì ìdánwò JAMB. Lórí rẹ̀ ni báǹkì ti ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé owó oṣù ti wọlé, lórí rẹ̀ náà sì ni ọ̀gá ti ń sọ ẹni tí yóò wọ iṣẹ́ òru lọ́la.

Nítorí náà ni a kò fi lè bá ọ̀dọ́ wí pé ó ń wá fóònù. Ohun tí ó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó owó oṣù méjì lé ẹ̀rọ kan lórí láìbéèrè, láìyẹ̀ ẹ́ wò, kí oṣù mẹ́rin sì tó pé, ẹ̀rọ náà ti di ohun tí a ń fi tẹ́ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Owó òógùn ojú ni ó ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni èyí: iye tí ẹ kà fún oníṣọ́ọ̀bù kọ́ ni iye owó ẹ̀rọ. Iye tí ẹ̀rọ náà ń gbà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, títí di ọjọ́ tí yóò kú, ni iye owó rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá di èyí mú yóò mọ èyí tí ó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n.

IBI TÍ A TI Ń BỌ̀

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ọwọ́ Econet àti MTN. Ní ọdún 2003 ni Globacom dé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí àwọn yòókù náà fi ní láti tẹ̀ lé e. Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì yóò lọ sí ilé kafé, yóò sanwó wákàtí, yóò sì jókòó dúró de kọ̀ǹpútà tí ó ń falẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń lo ìlànà CDMA gbòde: Starcomms, Multilinks, Visafone. Wọ́n ń ta fóònù, wọ́n sì ń ta módẹ́ẹ̀mù kékeré tí a ń kì bọ ìhà kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí: wọn kò lè ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, MTN kéde pé òun ti ra Visafone. Àwọn ilé iṣẹ́ CDMA yòókù náà sì ti ròkun ìgbàgbé. Módẹ́ẹ̀mù tí ènìyàn fi owó gidi rà wá di ike lásán, kì í ṣe nítorí pé ó bàjẹ́, bí kò ṣe nítorí pé ọ̀gá kan ṣoṣo tí ó lè sìn ti lọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn, kò sì tíì gbó. Ẹ̀rọ tí a ti dè mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ má ṣe torí pé ó pọ̀ ní ẹ̀dínwó kí ẹ sáré rà á. Lónìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lè dára ní Sango, kí ó má dára rárá ní Ìjókò tàbí ní inú ọgbà ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kó kúrò ní àdúgbò kan sí òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ lè yọ síìmù kan kí ẹ fi òmíràn sí i. Ẹ̀rọ tí ó gba síìmù gbogbo ilé iṣẹ́ ni ẹ̀rọ òmìnira.

Ẹ tún fi eléyìí kún un: láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, tí ó sì wálẹ̀ gidigidi sí dọ́là, owó gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń ti òkè òkun wá ti lọ sókè, àti tuntun àti tòkunbọ̀. Àṣìṣe tí ènìyàn lè fara dà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ó lè fọ́ àpò rẹ̀ báyìí.

BÍ A ṢE Ń KA OWÓ Ẹ̀RỌ

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní fóònù kan jẹ́ ₦50,000, tí ó sì bá yín lo oṣù 10 kí ó tó kú. Ẹ pín in: ₦5,000 ni ó gbà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦108,000, ṣùgbọ́n tí ó lo ọdún mẹ́ta gbáko, èyí tí í ṣe oṣù 36. Ẹ pín òun náà: ₦3,000 lóṣooṣù ni. Èyí tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú ni ó wọ́n jù. Iye owó yìí kì í ṣe ti ọjà, àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò náà kò yí padà, iye yòówù kí wọ́n pè ní ṣọ́ọ̀bù.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ ra èyí tí ó wọ́n jù lọ. Fóònù tí ó jẹ́ ₦400,000 kò ní lo ìlọ́po mẹ́rin ọdún tí èyí àkọ́kọ́ lò. Fáàrí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà. Ó tún túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ ná gbogbo owó ọwọ́ yín tán sórí ẹ̀rọ láìṣẹ́ nǹkan kù fún dátà. Àwọn baba wa sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Fóònù ńlá tí kò ní dátà, ojú lásán ni.

ÈWO NÍNÚ MẸ́RẸ̀Ẹ̀RIN?

Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́rin ni ọ̀dọ́ sábà máa ń bá pàdé lọ́jà.

Ìkíní ni fóònù kékeré oníbọ́tìnnì. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, bí ó bá já bọ́ kì í tètè fọ́, ó sì dára fún ìpè àti fún ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò gba fóònù oníkámẹ́rà láàyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbọ́tìnnì kan tí ó ń lo ètò KaiOS ń gba WhatsApp tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, WhatsApp kò ṣe é gbé sórí wọn ní tuntun mọ́. Ẹni tí ó bá fi WhatsApp polówó irú fóònù bẹ́ẹ̀ fún yín lónìí, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ìkejì ni fóònù Android. Nípa èyí ni a óò sọ̀rọ̀ jù.

Ìkẹta ni MiFi, àpótí kékeré tí ó ń gba síìmù tí ó sì ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ mìíràn. Kò ní ojú tí a fi ń ka nǹkan. Bí ẹ kò bá ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, kò wúlò fún yín. Ó tún ní bátìrì tirẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa gba iná sí. Ìwúlò rẹ̀ wà fún ilé tí ènìyàn mẹ́rin márùn-ún ń lo dátà pọ̀, tàbí fún ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ìkẹrin ni tábílẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó dára fún kíka ìwé àti fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ tábílẹ́ẹ̀tì tí ó pọ̀ ní ẹ̀dínwó kò ní ojú ihò síìmù rárá. Wi-Fi nìkan ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ó bá rà á láìmọ̀ yóò dé ilé tán kí ó tó mọ̀ pé òun ṣì gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìmọ̀ràn wa kò le. Fún ẹni tí apá rẹ̀ ká ẹyọ kan ṣoṣo, fóònù Android tí ó ń lo 4G ni kí ó rà. Ìdí rẹ̀ ni pé fóònù náà fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ MiFi nípasẹ̀ ohun tí a ń pè ní hotspot: ẹ óò tan hotspot, ẹ óò fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹlòmíràn yóò sì gba íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀. Ó ń mu bátìrì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ mìíràn lọ́wọ́ yín fún ẹ̀rọ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ra MiFi kí ó tó rí i pé hotspot fóònù òun kò tó òun mọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ WÒ LÁRA FÓÒNÙ

Àkọ́kọ́ ni 4G. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta fóònù 3G fún yín nítorí owó kékeré. Ó ń falẹ̀, ọjọ́ ogbó rẹ̀ sì ti dé. Ẹ kò sì nílò 5G. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a kà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, yálà iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí báǹkì, tí 4G kò lè ṣe. Owó tí ẹ óò fi kún un nítorí 5G, ẹ fi ra dátà.

Ṣùgbọ́n 4G kan kò jọ òmíràn. Orí ìgbì afẹ́fẹ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, ìgbì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbì 700, 800, 1800 àti 2600 MHz ni àwọn ilé iṣẹ́ ń lò jù fún 4G. Nínú ìwé tí ó ń bá fóònù wá, a máa ń kọ wọ́n báyìí: B28, B20, B3 àti B7. Fóònù tí a ṣe fún ọjà ilẹ̀ Áfíríkà sábà máa ń ní èyí tí ó yẹ níbẹ̀. Èyí tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà lè ṣàìní B20 rárá. Irú rẹ̀ ni fóònù ẹlẹ́wà tí yóò máa gbé 3G jókòó ní Oju-Ore nígbà tí fóònù kékeré ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo 4G.

Èkejì ni ọjọ́ orí ètò Android tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, WhatsApp kúrò lórí Android 4.4 pátápátá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àwọn ètò báǹkì náà ń fi àwọn Android àtijọ́ sílẹ̀. Fóònù lè máa tàn, kí ó máa pè, síbẹ̀ kí ayé ti fi í sílẹ̀. Ẹ wọ inú Settings, ẹ wá ibi tí a kọ About phone sí, ẹ ó rí nọ́ńbà Android rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ṣe súnmọ́ tuntun tó ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹta ni ìrántí ẹ̀rọ, tí a ń pè ní RAM. Google ṣe Android kan fún àwọn fóònù kékeré, orúkọ rẹ̀ ni Android Go. Àní òun náà, láti orí Android 13, kò gba fóònù tí RAM rẹ̀ kò tó 2GB mọ́. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìsàlẹ̀: kí ẹ má rà á bí kò bá tó 2GB, bí ọwọ́ yín bá tó 3GB tàbí 4GB, ẹ ó sinmi lọ́wọ́ fóònù tí ń dúró gán-ún láàárín iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni bátìrì. Ẹni tí ó ń wọ iṣẹ́ òru, tí iná kò sì sí ní àdúgbò rẹ̀ nígbà tí ó bá dé, mọ ohun tí à ń wí. Bátìrì tí a kọ 5,000 mAh sí lára yóò gbé ènìyàn láti òwúrọ̀ dé òru bí kò bá jẹ́ fíìmù ni ó ń wò. Ẹ̀karùn-ún ni ihò síìmù méjì. Ilé iṣẹ́ Tecno àti Itel, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lábẹ́ Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Áfíríkà nítorí pé wọ́n tètè mọ̀ pé ènìyàn wa ń lo síìmù ju ẹyọ kan lọ. Síìmù kan fún ìpè, èkejì fún dátà tí ó bá dín owó. Bí ọ̀kan bá kú lágbègbè yín, èkejì yóò jí.

TUNTUN TÀBÍ TÒKUNBỌ̀?

A kò kórìíra tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ rere lè ju tuntun burúkú lọ. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti tuntun lọ, ó sì ní àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a ṣe níwájú ẹni tí ó ń tà á, yálà ní Sango tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí owó tó kúrò lápò.

Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà IMEI yóò jáde, oókan rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 15. Ẹ fi wé èyí tí ó wà lára páálí àti lórí ríṣíìtì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fi síìmù tiyín sí i, kì í ṣe ti oníṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ní ihò méjì, ẹ dán méjèèjì wò. Ẹ pe ènìyàn kan, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí òun náà gbọ́ tiyín. Ẹ wò ó bí ó bá gbé 4G jáde. Ẹ tan hotspot rẹ̀. Fóònù tí a dè mọ́ ilé iṣẹ́ òkè òkun kan kò ní gba síìmù yín. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní òun yóò tú u fún yín lọ́la, ẹ ní kí ó tú u kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ó pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, kí fóònù náà bẹ̀rẹ̀ bí tuntun níṣojú yín. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti ọdún 2015 ni Google ti fi àgàdágodo kan sínú Android: bí wọ́n bá pa inú fóònù rẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú, yóò béèrè orúkọ àti aṣínà ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀. Bí ó bá béèrè, tí oníṣọ́ọ̀bù kò sì lè dáhùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí fóònù náà.

Lórí èyí, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Àwọn kan ń sọ pé àwọn kọ́ ni àwọn jí i, owó àwọn ni àwọn fi rà á. Àwọn baba wa ti dá wọn lóhùn: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òfin ilẹ̀ wa ka mímọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ọ̀dọ́ tí ó ra fóònù ní ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ lójú títì, láìsí páálí, láìsí ríṣíìtì, láìmọ ilé ẹni tí ó tà á, kò lè sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé ara kò fu òun. Ẹ gba ríṣíìtì tí a kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ àti IMEI sí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń ta ohun tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i ní gbangba pé a tún un ṣe ni. Àjọ FCCPC ni ó ń mójú tó òfin náà. Nínú òfin òwò ti ẹ̀sìn wa náà, ẹni tí ó bá ra ọjà tí ó sì bá àbùkù tí a fi pamọ́ fún un lára rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Èyí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ta fóònù tàbí tí ń tún un ṣe ju àwọn tí ń rà á lọ. Ẹ sọ àbùkù ọjà yín kí oníbàárà tó béèrè.

BÍ A ṢE MÁA SANWÓ

Ìpọ́njú ńlá ni gbèsè fóònù. Àwọn ètò orí fóònù kan ń yá ènìyàn lówó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n sì ń gba èlé tí ó ga. Bí ọjọ́ bá kọjá, àwọn kan nínú wọn a máa fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù onígbèsè: sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí ìyá rẹ̀. Ọ̀ràn náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn fi ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí wọ́n sì gbé ìlànà jáde fún wọn lọ́dún náà. Fún Mùsùlùmí, a kò tilẹ̀ ní láti dé orí ìtìjú yẹn kí á tó mọ̀ pé èlé kò yẹ wá.

Ọ̀nà tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀ kí a tó bí wa: àjọ. Bí ọ̀dọ́ mẹ́fà tí wọ́n mọ ara wọn bá ń dá ₦15,000 lóṣooṣù, ₦90,000 ni yóò máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tirẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ní fóònù, kò sí èlé, kò sì sí ẹni tí yóò dójú ti ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá jọ lọ ra ọjà pa pọ̀, oníṣọ́ọ̀bù yóò tún dín in kù fún wọn.

DÁTÀ NI OÚNJẸ Ẹ̀RỌ

Ẹ̀rọ tí a rà tán ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti wà lójú kan. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n yóò kàn máa ra dátà títí owó oúnjẹ yóò fi tán.

Òṣùwọ̀n kan rèé. Ní ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Broadband ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe àfojúsùn pé, títí di ọdún 2025, owó íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Owó orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àwa náà lè fi wọn owó oṣù wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ₦77,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù. Ìdá 2 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦1,540. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, a mọ̀; àwọn òṣìṣẹ́ kan kò tilẹ̀ ń rí ₦77,000 náà gbà. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ó sì mọ̀ nígbà tí òun bá kọjá rẹ̀.

Láti ọdún 2023, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò: *312# ni a fi ń ra dátà, *323# ni a fi ń wo èyí tí ó kù, *310# ni fún owó ìpè, *996# ni a fi ń mọ̀ bí NIN ti so mọ́ síìmù. Bí ilé iṣẹ́ bá gba owó yín láìtọ́, tí ẹ sì ti pè wọ́n ní 300 láìrí ìdáhùn, ẹ pe NCC ní 622.

Ohun tí ń jẹ dátà jù ni fíìmù. Gẹ́gẹ́ bí Netflix fúnra rẹ̀ ti sọ, wíwo fíìmù fún wákàtí kan ní ìpele tí ó kéré jù ń jẹ nǹkan bí 0.3GB, ní ìpele HD ó lè dé 3GB. Fíìmù kan náà ni, ìlọ́po mẹ́wàá owó. Ẹ tan Data Saver nínú Settings. Ẹ wọ inú WhatsApp kí ẹ dá a dúró kí ó má máa gbé fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí yóò rí i pé dátà ọ̀sẹ̀ kan lè dé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á fi èyí parí rẹ̀. Láàárín wa níhìn-ín, àwọn kan mọ̀ nípa fóònù, àwọn kan kò mọ̀. Kí ẹni tí ó mọ̀ yọ̀ǹda wákàtí kan láti tẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìrànlọ́wọ́ wákàtí kan náà lè gba owó oṣù méjì là fún arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀, ó sì lè yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ṣíṣe bẹ́ẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí olúkúlùkù yín mú bébà nígbà tí ó bá délé, kí ó kọ iye owó tí òun ní sílẹ̀, kí ó kọ iye oṣù tí òun fẹ́ kí ẹ̀rọ náà lò, kí ó yọ owó dátà sọ́tọ̀, kí ó tó gbéra lọ sí ọjà.

Kí Ọlọ́hun bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má jẹ́ kí á fi òógùn ojú wa ra ìbànújẹ́. Àmín.